Ọ̀gá Tí Kì í Ra Iṣu

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú omi dé ibi tí omi kò dé. Àjọ aláàánú kan ló gbà á síṣẹ́. Àjọ náà ń gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ, ó ń kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké, ó sì ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí níṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Wọ́n fi ọkùnrin náà ṣe ọ̀gá àgbà fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè ní agbègbè Òkè Ògùn. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí irú ipò kan náà ní Èkó. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà làwọn méjèèjì ti jáde. Lẹ́tà tí àjọ fi gbà wọ́n síṣẹ́ kò yàtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí. Ti ará Èkó jẹ́ ìlọ́po méjì ti ará Òkè Ògùn.

Ọkùnrin náà béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ alága àjọ.

Alága ní, "Nǹkan wọ́n l'Ékòó. Ìwọ tí ò ń lọ sáàárín oko, kí lo fẹ́ rà níbẹ̀?"

Gbogbo àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé iṣẹ́ náà wù ú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ kì í sì í dúró jiyàn lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nígbà tó dé ibẹ̀, ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí màlúù ń mu ni àwọn èèyàn náà ń bù mu. Ó ṣiṣẹ́. Ó bá wọn wá ojú omi nínú àpáta, ó pàdánù rẹ̀, ó tún un wá. Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ tó ń fa omi palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà. Nígbà tó yá, omi tó mọ́ ń ṣàn ládùúgbò gbogbo, àwọn ọmọdé tí inú ń run lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Ìlú sọ ọ́ ní Ọ̀gá Olómi.

Àṣà kan sì wà nílùú náà. Ẹni tó bá ṣe ìlú lóore kì í ra iṣu. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, agboolé kọ̀ọ̀kan á mú èyí tó dáa jù nínú oko wọn, wọ́n á gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Wọn kì í kanlẹ̀kùn. Bó bá béèrè ẹni tó gbé e wá, gbogbo wọn á ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá jẹ́wọ́ ń béèrè ọpẹ́, ẹni tó bá sì ń béèrè ọpẹ́ ti ta iṣu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlú ń fún níṣu, òun náà ni ìlú ń wojú rẹ̀ bí òkú bá kú, bí ọmọ tuntun bá délẹ̀, bí wọ́n bá ń gbéyàwó. Ọkùnrin náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kò sì dùn ún. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ni àwọn nǹkan tí iṣu kò lè rà. Ọ̀nà àpáta ń jẹ táyà. Epo mọ́tò wọ́n ní Òkè Ògùn ju Èkó lọ, torí pé Èkó ni wọ́n ti ń gbé e wá. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn kò sì béèrè ibi tí bàbá wọn ń gbé.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ rí kókó kan lọ́mú. Wọ́n lọ sí ọsibítù ńlá kan ní ìlú ńlá. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n wọ́n tètè dé. Iṣẹ́ abẹ ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni oògùn tí wọ́n máa ń fà sí i lára, kò sì gbọ́dọ̀ já títí tí yóò fi parí.

Ọkùnrin náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Òkè Ògùn la ti wá o."

Obìnrin tó ń gbowó ní, "Ẹ kú ìrìn, sà. Iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn."

Kò fi í ṣẹ̀sín. Òtítọ́ ló sọ fún un.

Wọ́n ta mọ́tò wọn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Owó oògùn ló kù. Ọdún yẹn gan-an ni àjọ fẹ́ tún owó oṣù wò. Ọkùnrin náà kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí tòun bá ti ẹlẹgbẹ́ òun l'Ékòó dọ́gba, níwọ̀n bí iṣẹ́ àwọn ti dọ́gba. Alága fèsì pé kò burú, pé ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ wá fojú ara wọn rí agbègbè náà kí wọ́n tó pinnu.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó bó ṣe ń múra.

Ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ má fi tèmi bẹ̀ wọ́n o. Iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi hàn wọ́n."

"Iṣẹ́ náà ni wọ́n máa rí."

"Bùbá tí ọrùn ẹ̀ ya yẹn náà lẹ tún fẹ́ wọ̀?"

"Òun ni mo fẹ́ràn."

"Mo mọ̀. Ẹ wọ èyí tí èmi fẹ́ràn lónìí. Ẹni tó fẹ́ gba àfikún owó kì í wọ aṣọ tó ti gba pẹ̀nṣọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pààrọ̀ aṣọ.

Ìgbìmọ̀ dé nínú ọkọ̀ tí eruku ti kùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Èkó wà láàárín wọn. Wọ́n wo kànga, wọ́n wo ilé ìwòsàn, wọ́n mu omi, wọ́n sì mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ kó ìlú jọ sábẹ́ igi. Iṣu ni wọ́n kó síwájú àlejò. Wọ́n tún dá òkìtì kan sọ́tọ̀ fún Ọ̀gá Olómi, lójú gbogbo ayé, torí pé wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ mọ bó ti níyì tó lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbà gbọ́ pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Táyà ló fẹ́ sọ, àti epo, àti owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, àwọn èèyàn náà ló rí níwájú rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti bí i, wọn kì í gbà kí ọmọ na ọwọ́ sóúnjẹ láìdúpẹ́ oúnjẹ àná. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Báwo ló ṣe máa gba òkìtì iṣu lójú gbogbo ìlú, kó wá yíjú sí àlejò kó máa sọ pé ebi ń pa òun?

Ó yíjú sí ìlú. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dé, n kò ra iṣu rí. Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ mi. Ilé tí mò ń gbé, ẹ kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀. Bí mo bá pẹ́ láyé, ẹ̀yin lẹ bá mi ṣe é. Mo dúpẹ́."

Ìyá arúgbó kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ọ̀gá Olómi, ẹ gbé ọpẹ́ yẹn jókòó! Ẹ jẹ iṣu ìlú kan tán, ẹ kò sanra. Ṣé ìyẹn náà niṣu?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Alága náà pàtẹ́wọ́, tẹ̀rín tẹ̀rín. Ọkùnrin náà wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Ìyẹn nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ pinnu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Ọ̀rẹ́, ta ló rán ẹ níṣẹ́ iṣu?"

"Iṣu wo?"

"Iṣu tó o ní o kì í rà. Ilé tó o ní o kì í sanwó ẹ̀. Alága ní ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé wọ́n ń bọ́ ẹ. Ó ní kí làwọn wá fẹ́ fowó kún owó fún?"

"Àwọn èèyàn yẹn ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"Mo mọ̀. Gbogbo wa la mọ̀."

"Ìwọ náà wà níbẹ̀. Kí lo wá sọ?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá kí n tó lanu."

Ọkùnrin náà ti jókòó nínú ìpàdé rí. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tètè kọjá tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ó pe òun. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán, ohun tó dùn ún jù ni pé ó tún ti dúpẹ́.

Ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fọwọ́ lé e lórúnkún.

"Ẹ kò ṣẹ̀," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ yín di ẹni tí kì í dúpẹ́."

"Oògùn ńkọ́?"

"Ọlọ́run á ṣe é."

Ọkùnrin náà yá lára owó oògùn, kò rí ìyókù yá. Oògùn náà já. Nígbà tí ìlú gbọ́, wọ́n bínú sí i pé ó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún wọn. Wọ́n kó iṣu jọ, ó kún ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n sì gbé e lọ tà. Ṣùgbọ́n ìgbà ìkórè ni, iṣu kò níye lórí lọ́jà. Owó tó ti ibẹ̀ jáde ra oògùn ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ náà ti dé inú egungun.

Obìnrin náà kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ilé tí wọn kì í sanwó rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbẹ́ sàréè rẹ̀, wọn kò sì gba nǹkan kan. Ọkùnrin náà fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu rẹ̀ kọ̀.

Àjọ bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní kó máa bọ̀ l'Ékòó, kí ara lè tù ú. Ìlú sunkún, wọ́n sì jẹ́ kó lọ. Oṣù tó dé Èkó gan-an ni owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó wo owó náà títí. Kò ka ìwé kankan lójú ọ̀nà. Kò ní ọgbọ́n kankan tó kọ́ láàárín Òkè Ògùn sí Èkó. Irú iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́hùn-ún náà ló ń ṣe níhìn-ín, omi kan náà ló ń wá. Òun náà kọ́ ni wọ́n fowó kún fún. Ilẹ̀ tó dúró lé ni wọ́n fowó kún fún.

Wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń tún owó oṣù wò. Nígbà tí wọ́n jókòó, ọ̀rọ̀ obìnrin tó rọ́pò rẹ̀ ní Òkè Ògùn wá sílẹ̀. Obìnrin náà ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ohun kan náà ló ń béèrè, pé kí wọ́n jẹ́ kí owó òun àti ti ẹlẹgbẹ́ òun dọ́gba.

Lọ́tẹ̀ yìí, ọkùnrin náà kò dákẹ́. Ó sọ̀rọ̀ táyà, ó sọ̀rọ̀ epo, ó ní iye kan náà ni ọsibítù ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Alága na ọwọ́ sí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwọn yòókù. Kò ní in lọ́kàn láti ṣèkà. Ó ti gbàgbé ni.

"Ẹ wò ó, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ara wa. Ibẹ̀ dáa. Ẹ wo ọ̀gá wa yìí, ọdún mélòó ló fi gbé ibẹ̀? Ṣé ó kú?"

Ọkùnrin náà dìde dúró.

"Rárá, sà," ó ní. "Èmi kọ́ ni mo kú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wo orí tábìlì. Alága wúkọ́, ó ní kí ó pẹ̀lẹ́, ó sì ní kí wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó obìnrin náà.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, bóyá ọ̀dọ̀ rẹ ni ọ̀bẹ wà tí a fi ń pín ẹran. Bóyá ìwọ lo ń sọ iye tí olùkọ́ yóò gbà lábúlé àti iye tí yóò gbà ní ìgboro, iye tí ọmọ iṣẹ́ rẹ yóò gbà níbí àti lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ ni kí o wò. Má wo ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ tẹ̀. Oore tí aládùúgbò ṣe fún un kò sí lára owó rẹ, má yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó tọ́ sí i. Bí ẹnì kan bá sì dúpẹ́ lójú rẹ, má gbọ́ ọ bí ẹni tó ní òun ti yó.

Bí ìwọ bá sì jẹ́ ẹni tí ìpín tirẹ̀ pọ̀, mo bẹ̀ ọ́, má jókòó síbi tí wọ́n ti ń gé ti ẹnìkejì rẹ kù kí o wá pè é lẹ́yìn ìpàdé láti bá a kẹ́dùn. Inú ìpàdé ni ẹnu ti ń wúlò.

Àánú tí a gbé sẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó nílò rẹ̀ ti lọ. Òkú kì í gba àfikún. Alààyè ni kí o san án fún, nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.