Ìjàpá Sọ Iṣẹ́ Oko Rẹ̀ Di Eré Ìdárayá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sórí Ẹtu àti Ìjàpá alábòsí. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, torí inú ti ń bí mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, àgbẹ̀ kan gbin ẹ̀wà sétí igbó, ó sì rìnrìn àjò. Ni Ẹtu bá kó wọ oko olóko. Ó jẹ láàárọ̀, ó jẹ lọ́sàn-án, ó tún jẹ lálẹ́. Bó bá jẹ tán, á nà gbọlọjọ sábẹ́ igi. Nígbà tó yá, ikùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ wá dé odò kékeré kan. Ọmọ fò ó kọjá. Ìyá náà fò, gbàà! Àárín ẹrẹ̀ ló balẹ̀ sí.

"Ìyá mi, bí iná ọdẹ bá dé ńkọ́?" ni ọmọ wí.

Àyà Ẹtu já. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àwọn ọdẹ á tiná bọ igbó. Ẹni tí kò bá lè sáré, inú iná ló ń kú sí. Oṣù méjì péré ló kù.

Ni Ìjàpá bá yọ.

"Ẹtu, ọ̀rẹ́ mi, má sunkún. Eré ìdárayá ló tọ́ sí ọ. Máa ru iṣu mi láti oko wá sílé lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí o sì máa sáré. Oúnjẹ alẹ́ rẹ, májèlé ni! Gbé e wá, màá bá ọ dà á nù."

Ẹ gbọ́ o! Ó lóun á dà á nù! Àyọ̀ká, ìwọ tó jókòó níwájú mi yìí, o ń rẹ́rìn-ín? Èmi ò rẹ́rìn-ín o.

Ẹtu gbà. Ọ̀yà, tóun náà ti sanra jù, gbà. Wọ́n ń ru iṣu, Ìjàpá jókòó sórí àpótí, ó ń lé orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ ru ú, ẹ máa sáré,
*Gìrì, gìrì, gìrì.*
Ikùn á lọ, ẹsẹ̀ á bọ̀,
*Gìrì, gìrì, gìrì.*
Oúnjẹ alẹ́, ẹ gbé e wá,
*Gìrì, gìrì, gìrì.*

Ọrùn ń dun Ẹtu, ẹ̀yìn ń dùn ún. Ṣùgbọ́n bó bá ti wo ọmọ rẹ̀, á tún gbé ẹrù. Nígbà tí oṣù kan pé, ikùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìjàpá. Ó kúnlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn!

Lọ́jọ́ kan tí oṣù kejì ń parí lọ, ó gbé ẹrù ẹlẹ́ẹ̀kẹta délé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá ju bí Ìjàpá ṣe rò lọ. Ó bá a nídìí ìkòkò ńlá, oúnjẹ Ẹtu àti ti Ọ̀yà ni Ìjàpá kó pọ̀ síbẹ̀. Epo ń dán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa ikùn, ó ń bá a sọ̀rọ̀:

"Ikùn mi, èmi ò fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ láé. Àwọn òmùgọ̀ ń kó iṣu wa wọlé, wọ́n tún ń dúpẹ́!"

Ẹtu da iṣu sílẹ̀, gbàgà!

"Ìjàpá! Ẹ̀rù iná ń bà mí tọmọtọmọ, ìwọ fìyẹn sọ mí di ẹrú! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́?"

"Ṣebí o ti fúyẹ́?"

"Òógùn ara mi ló mú mi fúyẹ́, kì í ṣe ìwọ!"

Wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí èéfín bo ojú ọ̀run. Iná ọdẹ ti dé! Ọ̀yà ti bọ́ sínú odò kékeré ọjọ́sí, tó wà lẹ́bàá ilé Ìjàpá. Ìjàpá gbìyànjú láti dìde, ó tì. Ikùn ò jẹ́.

"Ẹtu, jọ̀ọ́, gbé mi!"

Ṣé kó gbé e? Mo bi yín!

Ẹtu ké sí ọmọ rẹ̀, wọ́n fo odò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá ló kọ́kọ́ balẹ̀ sódìkejì. Ó yíjú padà, ó lé orin:

Ìjàpá, dìde, máa sáré,
*Gìrì, gìrì, gìrì.*
Eré ìdárayá ni,
*Gìrì, gìrì, gìrì.*

Ìjàpá da oúnjẹ nù níkẹyìn, ó da ìkòkò bo ara rẹ̀. Iná kọjá lórí ẹ̀. Ìkòkò sán wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó ti há mọ́ ọn lẹ́yìn, kò ṣí mọ́. Ìdí rèé tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi sán kiri, tí kì í fi sáré. Bó bá gbúròó ẹsẹ̀, inú ìkòkò ló ń sá sí.

Ẹtu ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń di ẹrù rù ú mọ́. Síbẹ̀, láràárọ̀, ó ń fo odò náà lọ, ó ń fò ó bọ̀. Bílẹ̀ bá sì ti ń ṣú, á pa ẹnu mọ́, kì í jẹun mọ́.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí orúnkún mi kọ̀ láti gbé mi dìde.

Ó yá, ẹ wò mí. Mo dìde o!