Ìró Egungun Lẹ́yìn Ilé Ìyá Ìkookò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn yẹn, ṣé oorun ti gbé yín ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa. Kí n tó la ẹnu, mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, àwọn tí òkúta ti jẹ láti ìlú dé ìlú: ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó dìde kó lọ sùn. Ààlọ́ mi ró gbì, ó balẹ̀ gbì, ó dá lórí Ìkookò àti ìyá tó bí i lọ́mọ.

Abúlé àwọn ẹranko kan wà, wọ́n sì ní àṣà kan níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, olúkúlùkù á gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó. Egungun tí Kìnnìún jẹ kù ni oúnjẹ wọn. Bí ìyá bá ti gbé egungun sẹ́nu tó fọ́ ọ, kàù!, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Wọ́n á ní, "Ìyá lágbájá ti jẹun." Ilé tí wọn ò bá ti gbọ́ kàù, ilé náà gbé. Wọ́n á ní ebi ń pa ìyá níbẹ̀. Wọ́n á ní ẹni tó bí ọmọ ibẹ̀ kò bímọ.

Ìkookò sì rèé, ó bẹ̀rù ẹnu ayé ju bó ṣe bẹ̀rù ìbọn ọdẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé egungun ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín wálé, ẹran ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹun."

Ìyá wo egungun. Ó wo ilẹ̀. Ó fi oríkì pe Ìkookò: "Àjàgbé, ebi ò pa mí."

"Ebi ò pa yín bí i báwo? Láti àárọ̀?"

"Mo ní ebi ò pa mí, ọmọ mi."

Ìkookò yọjú síta. Igún ti bà lé ẹ̀ka igi níwájú ilé, ó na ọrùn gbọọrọ, ó ń dẹtí. Akátá náà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Gbogbo ilé ló ti dún, ó ku ilé Ìkookò. Kí ni kó ṣe? Ó gbé egungun, ó yí sẹ́yìn ilé, ó fẹ̀yìn ti ògiri yàrá ìyá rẹ̀, ó ki egungun bọ ẹnu. Kàù! Kàù! Kàù! Ó fọ́ ọ, ó jẹ ẹ́, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu, fùúù.

Igún fi ìyẹ́ lu ìyẹ́. "Ẹ gbọ́ eyín ìyá arúgbó! Ìkookò, o kú ìtọ́jú o!"

"Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ìkookò nu ẹnu. Ìyìn náà dùn mọ́ ọn ju egungun lọ.

Nínú yàrá, ìyá ń kọrin. Ohùn rẹ̀ kò ju ti yànmùyánmú lọ. Ẹ gbè é fún un, ẹ má pariwo:

Àjàgbé ọmọ mi, tẹ́tí o,
*Rọra o, rọra.*
Egungun le lẹ́nu àgbà,
*Rọra o, rọra.*
Eyín tó ń fọ́ ọ ti ká,
*Rọra o, rọra.*
Ojú ń tì mí láti wí,
*Rọra o, rọra.*

Ariwo ẹnu tirẹ̀ ló kún etí Ìkookò. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, egungun ẹfọ̀n ló gbé dé. Ìyá gbé e, ó fi ahọ́n kàn án, ó gbé e sílẹ̀.

"Àjàgbé, ebi ò pa mí."

Inú bí Ìkookò. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ni? Mo rìn títí ẹsẹ̀ mi wú, ẹ ní ebi ò pa yín! Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín gan-an?"

Ìyá ń so aṣọ tó tú nídìí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn tí aṣọ náà máa tú lọ́jọ́ yẹn. Ìkookò rí i, ó gbójú kúrò. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ. Kàù! Kàù! Kàù! Fùúù.

Akátá pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Ìkookò, ṣé báyìí ni ìyá ẹ ṣe ń jẹ? Arúgbó yìí á sin gbogbo wa o!"

"Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Wọ́n tún ń béèrè òmíràn."

Ikùn Ìkookò ti yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Nínú yàrá, ìyá ń kọrin:

Eyín tó ń fọ́ ọ ti ká,
*Rọra o, rọra.*

Kò gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, egungun itan erin ló yí wálé, gbìrìgbìrì, gbìrìgbìrì. Ó ní kò sí ìyá tó máa rí èyí tí kò ní dìde. Ìyá ò dìde. Kò tilẹ̀ sọ pé ebi ò pa òun mọ́. Ó kàn mi orí lórí ẹní.

Ìkookò yí i lọ sẹ́yìn ilé. Ó gé e jẹ, gbọ̀! Egungun ò fọ́. Ó tún un gé, gbọ̀! Kò fọ́. Ó di ojú, ó fi gbogbo ara gé e, gbọ̀ọ̀! Páárì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló dún, egungun ò dún. Ó jókòó, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ẹ̀yìn ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìgbà yẹn ló gbọ́.

Àjàgbé ọmọ mi, tẹ́tí o,
*Rọra o, rọra.*
Egungun le lẹ́nu àgbà,
*Rọra o, rọra.*
Eyín tó ń fọ́ ọ ti ká,
*Rọra o, rọra.*
Ojú ń tì mí láti wí,
*Rọra o, rọra.*

Kí Ìkookò tó dìde, Igún àti Akátá ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n ń wá ohun tó ṣe ìyá tí ilé ò fi dún. Wọ́n bá Ìkookò pẹ̀lú egungun erin lórí itan, itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀, àfọ́kù egungun ìjẹ́ta àti ti àná wà káàkiri ẹsẹ̀ rẹ̀.

Akátá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wò ó o! Ìyá arúgbó ti hu irùngbọ̀n!"

Láti inú yàrá, ohùn kan wá, tín-ín-rín. "Akátá, má fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rán an. Èmi ni mo ní kó bá mi fọ́ ọ."

Irọ́ ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé irọ́ ni. Ìkookò ì bá rí ihò, ì bá wọ̀ ọ́. Ihò kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé náà, ti Òkété arúgbó ni, òun náà ló sì ń ti inú rẹ̀ jáde bọ̀.

"Ìkookò."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Òkété."

"Eyín mélòó ló wà lẹ́nu Kìnnìún?"

"Ọgbọ̀n ni, mà."

"Ti ìyá rẹ ńkọ́?"

Ìkookò wo ògiri yàrá ìyá rẹ̀.

"Kò sí ẹyọ kan. Èyí tó kẹ́yìn ká nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ọ, ojú ń ti òun. Mùdùnmúdùn inú àwọn egungun wọ̀nyí ńkọ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Èyí tí kò fẹ́ eyín, òun náà lo jẹ."

Akátá pàápàá rọra yọ́ lọ. Igún ká ọrùn kò, ó fò lọ.

Ìkookò wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ la ẹnu kí n wò ó." Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ìkookò wò ó. Kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Òkété ní kó fi òkúta fọ́ egungun, kó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kó mùdùnmúdùn jáde, kó pò ó mọ́ èkọ gbígbóná. Ìkookò fẹ́ bù ú sínú igbá ńlá. Òkété gbá a lọ́wọ́. "Igbá ńlá ń dẹ́rù ba ikùn kékeré. Bù ú díẹ̀. Tó bá yá, kó o tún bù díẹ̀. Má dúró lé e lórí bí ẹni ń gba owó orí. Jókòó."

Ó jókòó. Ìyá gbé ẹyọ òkèlè kan mì lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, méjì. Ìgbà tó di ọjọ́ keje, ó béèrè pé ata dà. Láti ìgbà náà, ilé Ìkookò ò dún kàù mọ́. Bí àlejò bá béèrè ìdí, Ìkookò á sọ ọ́ síta: "Ìyá mi ò ní eyín. Èmi ni mo ń jẹ oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìdí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Ẹ lọ wò ó nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn títí dòní, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká mọ́.

Ìyá lo gbogbo òjò ọdún yẹn. Ara tí ebi ti jẹ lọ ò padà tán. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìkookò fi ṣíbí bu èkọ àti mùdùnmúdùn sí i lẹ́nu. Ó gbé ẹ̀ẹ̀kan mì, ó gbé ẹ̀ẹ̀kejì mì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pa ẹnu dé, ó fi ọwọ́ ti ṣíbí náà padà sí ẹnu Ìkookò. Ó ní:

"Ìwọ náà, jẹ díẹ̀."

Ó sùn. Kò jí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ má jẹ́ kí n tún un sọ. Bí àgbà bá ní ebi ò pa òun, ẹ má jágbe mọ́ ọn, ẹ má sì torí etí aládùúgbò tọ́jú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Ẹ dákẹ́ ariwo tiyín kí ẹ lè gbọ́ tirẹ̀, kí ojú má bàa tì yín nígbà tí ẹ ò ní rí ẹni tí ẹ máa bẹ̀ mọ́.

Ohun tí ìyá Ìkookò sọ kẹ́yìn nìyí, n ò bù kún un, n ò yọ níbẹ̀. Ìwọ náà, jẹ díẹ̀.