Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Kí Páìpù Ọkọ̀ Rẹ̀ Mì

Ọkùnrin kan wà tí ó ní jíìpù àtijọ́ kan tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì, òun ni ó fi ń kó iṣu láti àwọn oko tó wà lẹ́yìn Ṣakí. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n kò sí òkè tí kò lè gùn, kò sì sí ẹrẹ̀ tí ó dá a dúró rí. Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ohun tí kò lè gbà lára rẹ̀ ni ariwo.

Bóyá o kò wo abẹ́ ọkọ̀ rí, Ládélé, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ. Orí rọ́bà ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì lé, kò sì sí ìgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ tí kì í gbọ̀n. Páìpù èéfín ní tirẹ̀, ara irin abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n so ó mọ́, kì í fẹ́ mì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fi ọrùn kan sáàárín àwọn méjèèjì, tí wọ́n fi wáyà hun, tí ó rọ̀ bí ọrùn adìẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n, ọrùn yìí ni yóò gba gbígbọ̀n náà sára. Òun náà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ gbó. Ẹni tó ń gba ìyà gbogbo ilé mọ́ra, ṣé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀ ni?

Ọrùn páìpù ọkọ̀ ọkùnrin yìí já, ọkọ̀ sì ń pariwo kiri ìlú. Mẹkáníìkì rẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ọrùn náà, kí wọ́n sì pààrọ̀ páìpù tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnnì wá bá a, nítorí ìpẹtà ti ń jẹ òun náà. Inú bí ọkùnrin wa.

Ó ní, "Èyí tí ẹ fi sí i lọ́dún tó kọjá náà ló já yìí. Nǹkan tí kò lágbára yẹn náà ni ẹ tún fẹ́ gbé fún mi?"

Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó ní kí ó gé ọrùn náà dànù, kí ó sì jó ògidì páìpù irin sí ipò rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ọ̀nà tiwa níbí, tí kòtò kì í jẹ́ kí nǹkan pẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń jó o pa, wọn a ní ó ti le. Ariwo dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin náà ń gbé ènìyàn sínú ọkọ̀ kí wọ́n lè wá gbọ́ bí ó ṣe dákẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò ṣíwọ́ gbígbọ̀n. Nígbà tí gbígbọ̀n náà kò rí ibi tí yóò parí sí mọ́, ó gòkè lọ bá páìpù tí ìpẹtà ti jẹ, ó ń fà á, ó ń tì í, títí ó fi là. Ojú ibi tó là kò fẹ̀, kò sì ní ariwo tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè gbọ́. Èéfín ń gba ibẹ̀ jáde sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń gba ihò kan lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn wọlé.

Nígbà ọyẹ́, ìyá ọkùnrin yìí ní kí ó gbé òun lọ sí ìlú òun. Arúgbó ni, àyà rẹ̀ kò dára, ó sì fẹ́ rí àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ọmọ tẹ́ ìyá sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi aṣọ òfì bò ó, ó yí fèrèsé ẹ̀yìn sókè pátápátá nítorí eruku. Tirẹ̀ níwájú, ó ṣí i díẹ̀, nítorí obì tí ó ń jẹ, kí ó lè máa rí ibi tutọ́ sí.

Wọn kò tí ì jìnnà tí ìyá fi ní, "Àkànjí, ojú ń ta mí. Òórùn kan ń wọlé níbí."

"Eruku ọyẹ́ ni, Màámi. Ọkọ̀ yìí ti le dáadáa báyìí."

Nígbà tó ṣe, ìyá tún ní orí ń fọ́ òun. Ọmọ ní kí ó rọra sùn, wọ́n ti fẹ́ẹ̀ dé. Ìyá kò sọ nǹkan kan mọ́. Inú ọmọ dùn pé oorun ti gbé e lọ, ó sì ń rọra yà fún kòtò kí ó má baà jí i. Ó wọ agboolé, ó fọn fèrè, àbúrò ìyá jáde tòun ti ọ̀pá, ó ti ń ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọwọ́ ìyá ṣì wà lára fèrèsé, níbi tí ó ti ń wá ohun tí wọ́n fi ń yí i sílẹ̀. Kò jí mọ́.

Ládélé, mo mọ̀ pé o kì í ṣe awakọ̀. N kò bá gbígbọ̀n rẹ wí; bàbá wo ni kì í gbọ̀n nílé ara rẹ̀? Ọmọ rẹ ọkùnrin náà sì le bí irin. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni ó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Bí o bá pariwo tán, òun ni yóò lọ jókòó ti ọmọ. Bó bá yá, yóò wá jókòó tì ọ́. O ní ó ń ba ọmọ jẹ́, o ní kò dúró sójú kan, o dá a padà sí Ìséyìn. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ kan na ọmọ, à á fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra. Ọwọ́ kejì yẹn ni o gé dànù.

Lánàá o wá sọ fún mi pé ilé rẹ ti tòrò. O ní ọmọ kò bá ọ jiyàn mọ́, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀, inú yàrá ló ti ń jẹun, á sì pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ̀rín ni o fi ń sọ ọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Fèrèsé tìrẹ ṣí sílẹ̀. O ń jáde, o rí wa, o ń rojọ́ fún wa. Ta ni ọmọ yẹn ń bá sọ̀rọ̀?

Lọ sí Ìséyìn lọ́la, kí o bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ kí ó padà wá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, lọ kan ilẹ̀kùn ọmọ rẹ, nísinsìnyí tí ó ṣì lè dá ọ lóhùn.