Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ilé Àtijọ́

Ní ilé ìwòsàn ìjọ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti parí iṣẹ́, wọn a dá a lóhùn pé: "Ẹni tó kó ilé tán, kó padà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn." Àlejò a máa ṣe kàyéfì: bí ilé bá ti ṣófo, kí ló tún kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ ń tì mí lójú.

Ìbídàpọ̀ ni olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Nígbà náà, gbogbo ímeèlì ẹnì kan ni wọ́n dì pọ̀ bí ìwé ńlá kan. Bí ojú ewé kan bá ya, gbogbo rẹ̀ a dàrú. Ìlànà tuntun dé, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń dá dúró. Ìbídàpọ̀ pinnu láti kó àpótí lẹ́tà gbogbo wa lọ síbẹ̀ láìdá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ti bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn lẹ́tà kọ sínú àpótí tuntun, Mama Ọmọ́tárá, olórí àwọn nọ́ọ̀sì, yọjú.

"Ọmọ mi, mò ń retí lẹ́tà dókítà ojú o. Nítorí Àyọ̀ká ni."

Ọmọ ọdún méje ni Àyọ̀ká, ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa. Awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Mama, ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà àdúrà ọ̀sán, tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó yẹ kó ti àpótí àtijọ́, kó kó àwọn lẹ́tà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kó tó ṣí tuntun. Ó ti àtijọ́, ó ṣí tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré! Orí rẹ̀ wú. Ó sáré lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́.

"Ará, nínú gbogbo lẹ́tà tí ẹ fi sí ìkáwọ́ mi, ọ̀kan kò sọnù!" Ó sì dá orin ọpẹ́, ó gbé e ga ju ohùn ara rẹ̀ lọ. Títí dé yàrá àwọn aláìsàn ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Mama padà dé.

"Ilé ìwòsàn kejì tó ń retí lẹ́tà dókítà ojú bíi tiwa ti rí tiwọn láti àná. Aago mẹ́rin òní ni fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà dé ọ̀hún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò Àyọ̀ká fún iṣẹ́ abẹ ojú. Mo pe dókítà, iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe lọ́wọ́."

"Bóyá wọn ò kọ tiyín ni, Mama. Lọ́dọ̀ mi, nǹkan kì í sọnù."

"Ẹ̀hẹ́n. Mo gbọ́ ẹ̀rí rẹ. Ìgbà tí mo kó kúrò nílé mi àkọ́kọ́, èmi náà kọrin. Mi ò mọ̀ pé mo ti gbé yúnífọ́ọ̀mù mi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo ti ń kó ẹrù. O kó ilé tán. Ṣé o padà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn?"

Ìbídàpọ̀ fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Ó ṣí àpótí àtijọ́. Lẹ́tà mọ́kànlá jókòó síbẹ̀, gbogbo wọn ló wọlé lẹ́yìn tó ti da ti àárọ̀ kọ tán. Ti dókítà wà láàárín wọn. Mama kọ fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kíákíá. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí aago mẹ́rin lù nígbà tí fọ́ọ̀mù náà lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì kúrò lójú Àyọ̀ká, Ìbídàpọ̀ kí i. Ọmọ náà wò ó tòkè tilẹ̀.

"Háà! Ẹ̀yin lẹ gbé orin ga lọ́jọ́sí!"

Bí ẹ bá ń bi mí léèrè ẹni tó sọ ìtàn yìí fún mi, orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún Ìbídàpọ̀ ni wọ́n fi sàmì fún mi: èmi gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ tán báyìí, ṣùgbọ́n mi ò ní dá orin o. Mò ń padà lọ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó kó ilé tán, kó padà wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.