Balógun àti Ìkòkò Oògùn

Kùkùté igi ló gún Oyèníran lẹ́sẹ̀ lóko, egbò náà sì di àdáàjinná. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí ẹní. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, gbogbo ará abúlé Ìdí-Arère ti ń kọ ebè, oko tirẹ̀ nìkan ló ń hu koríko. Ẹfúnyẹmí ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ náà kò bá tètè jinná, ebi ni yóò pa àwọn dọ́dún tó ń bọ̀.

Oníṣègùn kan wà ní abúlé kejì tí oògùn egbò rẹ̀ kì í tàsé. Adìyẹ méjì ló máa ń gbà, kì í gba nǹkan mìíràn. Adìyẹ méjì náà ló sì kù sọ́wọ́ Ẹfúnyẹmí. Ó kó wọn lọ, ó sì gbé ìkòkò oògùn kan bọ̀ wálé.

Dúródọlá, ẹ̀gbọ́n Oyèníran obìnrin, ń gbé agbo ilé kan náà pẹ̀lú wọn. Ó ní àkùkọ kan tí wọ́n ń pè ní Balógun. Ojú ará ilé rí màbo lọ́wọ́ ẹyẹ yìí. Ó ń ṣá àlejò lẹ́sẹ̀, ó ń lé ọmọdé wọ yàrá, ewúrẹ́ pàápàá ń yà fún un lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹfúnyẹmí ti lọ bẹ Dúródọlá.

"Ìyá ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé àkùkọ yìí mọ́ inú agọ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ ká gé èékánná gígùn ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀."

Dúródọlá a máa rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tó ń bẹ̀rù adìyẹ! Bó o bá wá rí ẹkùn ńkọ́?"

Irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tí wọn kò ṣá lẹ́sẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí Ẹfúnyẹmí gbé oògùn dé, kò tíì kọjá àárín agboolé tí Balógun fi fò mọ́ ọn lẹ́yìn, tó ki èékánná bọ̀ ọ́ ní iṣan ẹsẹ̀. Obìnrin náà ṣubú. Ìkòkò fọ́, ilẹ̀ gbígbẹ sì fa oògùn mu tán lójú rẹ̀.

Dúródọlá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Adìyẹ ni, kò mọ oògùn yàtọ̀ sómi. Kí ni kí n wá ṣe?"

Ká ní ó sọ pé pẹ̀lẹ́ ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ẹfúnyẹmí dìde nílẹ̀. Ó gbé ọmọ odó, ó wá Balógun lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n àkùkọ ti fò sórí ọgbà, ó ń kọ. Abẹ́ àká ló ti rí àgbébọ̀ Dúródọlá tó sàba lé ẹyin mọ́kànlá. Ó tì í kúrò, ó sì fọ́ ẹyin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ti wà nínú wọn. Nígbà tó ṣe tán, àgbébọ̀ rọra padà, ó sàba lé èèpo tútù náà. Ojú ti Ẹfúnyẹmí, ṣùgbọ́n ẹyin tó fọ́ kò ṣeé kó.

Oyèníran gbọ́ ariwo láti orí ẹní. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin."

"Adìyẹ wo lo fọ́ ẹyin rẹ̀?"

"Àgbébọ̀ ẹ̀gbọ́n yín."

"Kì í ṣe tirẹ̀," ni Oyèníran wí. "Èmi ni mo fún un sìn, kí n tó gbé ọ níyàwó. Bó bá pa ọmọ, a ó pín in dọ́gba. Nínú ìpín tiwa ni mo ti fẹ́ kí o mú méjì padà lọ fún oníṣègùn, bí ìkòkò kan kò bá tó."

Wọn kò kọ ebè lọ́dún náà. Balógun ń kọ lórí ọgbà ní àràárọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà, bí wọ́n bá rí ẹni tó fi òfò gbẹ̀san òfò, fi ń pa á lówe pé: "Adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin."