Ọwọ́ Tó Mọ́ ní Gáréèjì Gẹdú

Àwọn awakọ̀ tírélà máa ń sọ pé, "A kì í fi ẹnu di ẹrù." Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà á rẹ́rìn-ín. Ta ló ti rí ẹni tó fi eyín so gẹdú rí? Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi ẹnu di ẹrù rí. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀.

Ìròyìn tó yẹ kó dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé. Alágbẹ̀dẹ ló rán an: "Ìkọ́ ẹ̀wọ̀n tí Lásísì gbà lọ́wọ́ mi ti sán. Ẹ má fi di igi o." Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé, Lásísì awakọ̀ ti tẹ bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ìkọ́ ti já, gẹdú ti rọ́ lu orí ọkọ̀, ó sì ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Iṣẹ́ Ìbídùn ni láti ran àwọn ọ̀gá ọkọ̀ lọ́wọ́, kí ẹrù wọn lè bá òfin ojú pópó mu. Bí àwọn alábàárù bá di igi tán, wọn á fọwọ́ gbá igi náà, wọn á ké pé, "Ó le!" Ìbídùn á dáhùn pé, "Ọwọ́ mi ni yóò sọ!" Á gun orí ẹrù, á fa gbogbo ẹ̀wọ̀n, á fọwọ́ tọ́ ìkọ́ wò. Gírísì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Òfin ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, Ọ̀gá Fásànyà tó ni ọkọ̀ fẹ́ mú un lọ bá àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ìlú kejì, kó lọ kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ ẹrù wò. Ìbídùn wọ aṣọ funfun.

"Ó le!" ni àwọn alábàárù ké.

Ìbídùn kò kúrò níbi tó dúró sí.

"Àǹtí Òfin, ẹ ò gùn ún lónìí ni?"

"Pẹ̀lú aṣọ yìí? Ẹ ti ní ó le. Ó ti tó."

"Ẹ wo ìyàwó tuntun!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lásísì wo ọwọ́ Ìbídùn, ó sì wọkọ̀ lọ.

Nígbà tí ìròyìn jàǹbá dé, ọ̀gá ní, "Eré àsápajúdé ni Lásísì sá. Kó máa lọ ilé rẹ̀, mi ò gbà á síṣẹ́ mọ́. Ìwọ ṣáà ti yẹ̀ ẹ́ wò, àbí?"

Ìbídùn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó lọ kí Lásísì ní ọsibítù. Ìyá Sùlé, ìyàwó ọkùnrin náà, kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ ṣeun, Àǹtí. Wọ́n ní ẹ̀yin ṣe tiyín. Ọkọ mi ló sáré."

Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

Lásísì la ojú. "Mi ò sáré. Mo rí ọwọ́ yín lọ́jọ́ náà, ó mọ́ tónítóní. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Àmọ́ inú yín ń dùn, mi ò fẹ́ dójú tì yín láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyẹn."

Bí ilẹ̀ bá lanu, Ìbídùn ìbá wọ inú rẹ̀. Ó fẹ́ dárúkọ alágbẹ̀dẹ, kó ní ìròyìn ló pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn kò bá tilẹ̀ dé rárá, ọwọ́ ìbá ti rí ibi tó sán.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá Sùlé, mò ń padà sọ́dọ̀ ọ̀gá báyìí. Lójú gbogbo gáréèjì ni n óò ti sọ fún un pé ẹ ò sáré, pé èmi ni mi ò fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n yẹn. Bó bá máa lé ẹnì kan, èmi ni kó lé. A kì í fi ẹnu di ẹrù. Ẹnu ni mo fi di tiyín."