Olùkọ́ Tí Ẹ̀rọ Tinúọlá Ń Wá
Ọ̀gá Ládèjọbí ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ta òròmọdìyẹ ní Ìbàdàn. Bó bá pàṣẹ, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ó ní kí Tinúọlá, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ṣètò ẹ̀rọ AI, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, tí yóò máa fi ọjà ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà, tí kò ní í ṣàṣìṣe láé, tí kò sì ní í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, kí Tinúọlá àtàwọn tí wọ́n jọ ń fi ọjà ránṣẹ́ máa lọ sílé, iṣẹ́ wọn ti parí nìyẹn. Nígbà tí gbogbo wọn pé sípàdé, Tinúọlá dìde. "Ẹ̀rọ ti délẹ̀, sà. Iṣẹ́ èèyàn ló máa wò kọ́ tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yan ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí láàárín wa, kí n fi ṣe olùkọ́ rẹ̀." Ọ̀gá wọ̀tún wòsì, kò rí ẹni tí yóò dárúkọ. Ló bá fọwọ́ sọ̀yà: "Èmi ńkọ́?" Ìyá Adétòún, àgbà akọ̀wé, wúkọ́. "Òròmọdìyẹ táwọn ará Ọ̀wọ̀ rà, tí ẹ ṣì kó lọ sí Ìwó ńkọ́, sà?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fọwọ́ nujú. "Ó dáa, kí ẹ̀rọ náà máa béèrè kó tó ṣe nǹkan." Tinúọlá ní, "Lọ́wọ́ ta ni, sà?" "Lọ́wọ́ ẹ̀yin náà ni. Ẹ má lọ sílé mọ́."